Àmì Pupa

Ṣùbúlọlá, jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí.
Ọdún ti gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà ti di òkú ẹjọ́,
kò sí adájọ́ ní Líìdì tí yóò tún pè wá.

Èmi ni mo ń ṣọ́nà báńkì náà lóru,
èmi Fìjàbí ọmọ Ìbàdàn, oníwèé-ẹ̀rí yunifásítì,
nínú kóòtù tó fẹ̀ jù mí lọ.
Àwòrán kan ló kọjú sí mi láti alẹ́ di ìdájí:
aṣọ funfun gbalasa, ó ga ju ènìyàn méjì lọ,
kò sí ẹyẹ ńbẹ̀, kò sí igi, kò sí ọmọ aráyé,
àfi àmì pupa bíńtín kan nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó pọ́n-ùn ni wọ́n rà á.
Mo ní, èyí kì í ṣe àwòrán,
àwòsùn ni.

Ọ̀gá Pẹ́mbátìn a mú àlejò wá síwájú rẹ̀,
a káwọ́ pọ̀nyìn bí ẹni wá kí olókùú,
a ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́."
Àlejò náà a dákẹ́.
Wọn a wá gòkè lọ yá ẹni tí kò ní
lówó tí kò sí.
Wọn a pọ́n gbèsè ọ̀hún bí ẹ̀kọ, wọn a tà á fún ará Jámánì,
ará Jámánì a fi ewé mìíràn pọ́n ọn, a tà á padà fún wọn.
Gbogbo wọn jèrè.
Ẹnikẹ́ni ò tú ewé wò.

Ìwọ dé lóṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú korobá, pẹ̀lú àkísà,
èékánná rẹ pupa fòò.
"Ilé ni mo wá gbá," lo wí, "n ò wá gbá ẹwà mi dànù."
Òru ọjọ́ Ẹtì kan mo lọ po tíì.
Nígbà tí mo dé, aṣọ náà funfun láti òkè délẹ̀.
"Ta ló ta ọbẹ̀ tòmáàtì sí i?" lo bi mí.
"Mo ti bá wọn nù ún."

Tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo ṣírò rẹ̀: owó iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún,
láìjẹ, láìmu, láìwọ bọ́ọ̀sì.
O ò sunkún. O tú báàgì,
o yọ ìgò ọ̀dà èékánná, ọjà Kákígéètì, pọ́n-ùn kan péré.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, o kúnlẹ̀,
o tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
o sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, jẹ́jẹ́, kó lè gbẹ.
Kì í ṣe ojú rẹ, kì í ṣe ìbàdí rẹ:
èémí tí o fi mú irọ́ gbẹ yẹn ló mú mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Pẹ́mbátìn dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.
Ó ní àmì náà ń bá òun sọ̀rọ̀.
N ò mọ ohun tó bá a sọ,
àmọ́ nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀ ọ̀gá ti na pápá bora.

Èrò tò láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé etí odò Éà, nínú òjò.
Bàbá kan gbé àga wá, ìyá kan gbé ìrọ̀rí.
"Ọ̀gá," ni wọ́n ń pè mí, "ṣé owó wa wà?"
Ọjọ́ tí òyìnbó kọ́kọ́ pè mí lọ́gàá nìyẹn.
Mo ní ó wà. Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

Àwọn agbowó-lé wá ta àga, wọ́n ta tábìlì, wọ́n ta òdòdó inú ìkòkò.
Ọ̀mọ̀wé kan ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ó gbé awò sójú:
"Ẹ wò ó! Ibí gan-an ni ayàwòrán náà ti jìyà."
Ikọ́ gbé ọ, o sá jáde pẹ̀lú korobá.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta.
Báńkì wó, ọ̀dà èékánná gbówó lérí.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá àwa méjèèjì dúró.
Nínú bọ́ọ̀sì lọ sí Hárẹ́ìlì, o yọ ìgò náà,
ó ku díẹ̀ nídìí.
"Mú àtàǹpàkò wá," lo wí.
Mo nà án.
Ìyá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa ń wò wá,
ó bèèrè pé èló ni.